Kóòdù U Kì Í Ṣe Ìjẹ́wọ́: Nígbà Tí Àwọn Kọ̀ǹpútà Inú Ọkọ̀ Kò Gbọ́ Ara Wọn Mọ́

Iná ABS, ìyẹn ti ètò bíréèkì, ń tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, iná ẹ́ńjìnnì náà ń tàn. Abẹ́rẹ́ tó ń ka eré ti sùn sórí òdo, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ń sáré lójú títì. Rìwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ki scanner bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ sítíárìn, ó rí U0121, ó sì ti dájọ́: “Mọ̀mí, ABS yín ti kú o. Ẹ jẹ́ n bá yín wá tòkunbọ̀ rẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀.” Wọ́n ra kọ̀ǹpútà ABS, wọ́n tú ti tẹ́lẹ̀, wọ́n de òmíràn síbẹ̀. Wọ́n tún ki scanner bọ ọ́. U0121.

Irú èyí wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe pé rìwáyà jẹ́ olè. Ó kàn ka kóòdù bí ẹni ka ìdájọ́ ni. Kóòdù tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà U yàtọ̀ sí àwọn yòókù: ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti kọ̀ǹpútà ló ń sọ. U0100 túmọ̀ sí pé ẹnì kan nínú ọkọ̀ kò gbúròó kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní brain box. U0101, ti jíà ni. U0121, ti ABS. U0140, ti kọ̀ǹpútà tó ń darí iná, ìlẹ̀kùn àti ohun ara ọkọ̀. U0155, ti dáṣíbọọ̀dù. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé nǹkan kan ti bàjẹ́. “N ò gbọ́ ọ” ni gbogbo wọn ń wí. Ẹ̀sùn ni, ẹni tí wọ́n dárúkọ kọ́ ló sì kọ ọ́. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí a ṣe ń gbọ́ ti gbogbo wọn kí owó tó jáde lápò ni orí yìí dá lé.

Kí ló tilẹ̀ mú kí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ máa bára wọn sọ̀rọ̀? Wáyà ló pọ̀ jù. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà darí ẹ́ńjìnnì, bíréèkì àti jíà, gbogbo ohun tí ẹ̀ka kan bá nílò láti mọ̀ lọ́wọ́ èkejì ló ń gba wáyà tirẹ̀. Ìdì wáyà ń nípọn sí i, ó ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó ti lè já ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 1983, ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà tí gbogbo wọn yóò fi máa sọ̀rọ̀ lórí wáyà kan náà. Ní oṣù kejì ọdún 1986 ni wọ́n fi í han àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní ìlú Detroit, Amẹ́ríkà, lábẹ́ orúkọ CAN. Intel àti Philips gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń lò ó jáde ní 1987, àjọ ISO sì sọ ọ́ di òfin iṣẹ́ káàkiri ayé ní 1993, nọ́ńbà rẹ̀ ni 11898.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló wá pa á láṣẹ pé gbogbo mọ́tò tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ láti ọdún 2008 gbọ́dọ̀ lè fi CAN bá scanner sọ̀rọ̀. Àṣẹ yẹn kàn wá ní Nàìjíríà gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá. Ẹni tó bá ń gun ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún náà síwájú, ohun tí à ń sọ yìí wà nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Wáyà méjì ni CAN, wọ́n sì lọ́ wọn pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ń jẹ́ CAN-H, èkejì ń jẹ́ CAN-L. Tí gbogbo wọn bá dákẹ́, wáyà méjèèjì á wà ní nǹkan bíi fólítì 2.5. Tí kọ̀ǹpútà kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á gbé CAN-H sókè sí nǹkan bíi 3.5, á sì fa CAN-L wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1.5. Ìyàtọ̀ fólítì 2 tó wà láàárín wọn ni àwọn tó ń gbọ́ ń kà. Bí ariwo iná bá ti ara plug tàbí alternator ta sí wọn, á ta sí méjèèjì bákan náà, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì ní yí padà. Ìdí tí wọ́n fi lọ́ wọn pọ̀ nìyẹn. Rìwáyà tó bá tú lílọ́ náà, tó wá so CAN-L gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, tí CAN-H gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó ti mú ààbò náà kúrò. Ní ìpẹ̀kun méjèèjì ìlà náà ni résísítọ̀ ohm 120 wà. Bí kò bá sí wọn níbẹ̀, àmì iná tó bá dé òpin wáyà á ta padà, á sì da èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rú. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú kọ̀ǹpútà méjì kan ni résísítọ̀ wọ̀nyí máa ń wà, kì í ṣe ara wáyà gan-an. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà dé ibẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ wa. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń dárúkọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. ABS á ka eré táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á fi nọ́ńbà síwájú ọ̀rọ̀ náà, á jù ú sórí ìlà. Ẹ́ńjìnnì tó nílò rẹ̀ á mú un, jíà á mú un, dáṣíbọọ̀dù á mú un kó lè gbé abẹ́rẹ́ eré sókè. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ọ̀dọ̀ ABS ni dáṣíbọọ̀dù ti ń gbọ́ eré tí ọkọ̀ ń sá; ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi sùn nínú ọkọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà méjì bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí nọ́ńbà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù ló máa ń borí, èkejì á dákẹ́ láìba ọ̀rọ̀ jẹ́, á sì tún gbìyànjú. Lórí ìlà tó yára, ìwọ̀n 500,000 bíìtì ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní àsìkò tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ eré láti ọ̀dọ̀ ABS máa ń dé ní gbogbo bíi mílísẹ́kọ́ńdì 10 tàbí 20. Tó bá retí rẹ̀ títí tí àkókò tí wọ́n là sílẹ̀ fi pé, tí kò gbọ́ nǹkan kan, á kọ U0121 pamọ́, á sì tan iná. Kò mọ ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ABS kú lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé fíúsì rẹ̀ ló jó, tàbí wáyà earth rẹ̀ ló dípẹtà. Ó lè jẹ́ pé ìlà já láàárín ọ̀nà. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé etí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló di, ìyẹn ni pé ẹ̀ka wáyà tirẹ̀ ló já, tó fi rò pé gbogbo ayé ló dákẹ́. Nínú gbogbo èyí, kóòdù kan náà ni scanner máa gbé jáde.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi jẹ́ ìwé àti báírò. Ẹ fi scanner pe gbogbo kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan. Scanner olówó pọ́ọ́kú tó ń ka ẹ́ńjìnnì nìkan kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹlẹ́rìí kan péré ló ń gbọ́. Ẹ kọ ẹni tó dáhùn, ẹ kọ ẹni tí kò dáhùn, ẹ sì kọ ẹni tí oníkálukú ń fẹ̀sùn kàn. Bí ẹ́ńjìnnì, dáṣíbọọ̀dù àti sítíárìn bá ń sọ pé àwọn ò gbọ́ ABS, tí ABS náà kò sì dá scanner lóhùn, ọ̀dọ̀ ABS àti ohun tó ń bọ́ ọ ni ká lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń pariwo pé òun ò gbọ́ ABS, òun ò gbọ́ dáṣíbọọ̀dù, òun ò gbọ́ ẹnikẹ́ni, tí àwọn yòókù ń gbọ́ra wọn dáadáa, afẹ̀sùnkanni ni kí ẹ yẹ̀ wò. Tí ẹnì kankan kò bá dáhùn rárá, ìlà fúnra rẹ̀ ti kú, tàbí ẹnì kan wà lórí rẹ̀ tí kò jẹ́ kí àwọn yòókù sọ̀rọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ń fò. Ẹ wò ó bóyá kóòdù náà wà lọ́wọ́lọ́wọ́ tàbí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Bátìrì tó rẹ̀, tí fólítì rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an nígbà tí ẹ ń sítáàtì ọkọ̀, á mú kí àwọn kọ̀ǹpútà kan pa fúngbà díẹ̀; àwọn tó ṣì jí á sì kọ kóòdù U sí wọn lọ́rùn. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bátìrì ọkọ̀ mìíràn jí lè ní kóòdù U rẹpẹtẹ láìsí ohun tó bàjẹ́. Ẹ tọ́jú bátìrì kó dúró ṣinṣin, ẹ pa gbogbo kóòdù rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà lọ wa á bọ̀. Èyí tó bá padà wá ni ká tẹ̀ lé.

Ká ní ABS ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà CAN, ẹ wo iná tó ń wọlé fún un àti earth tó ń jáde. Níbí ni mítà ti máa ń tan ènìyàn jẹ. Wáyà tó ní ọ̀pọ̀ fọ́nrán, tí gbogbo wọn já tó ku ẹyọ kan, á ṣì fi fólítì 12 hàn lójú mítà, torí mítà kò fa iná kankan tí à ń pè ní iná. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wá fẹ́ ṣiṣẹ́, iná ò ní tó. Gílóòbù headlamp ló ń tú irú wáyà bẹ́ẹ̀ fó. Ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà náà, ẹ so gílóòbù mọ́ àárín wáyà iná tó nípọn àti earth tí ABS ń lò. Tó bá tàn kedere, ọ̀nà méjèèjì dára. Tó bá tàn bàìbàì tàbí tí kò tàn rárá, ẹ ti rí ibi tí ìṣòro wà, kọ̀ǹpútà tuntun kò sì lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi gílóòbù ńlá dán wáyà tín-ín-rín tó ń gbé àmì wò o. Ti iná àti earth nìkan ni mo ń sọ. Fún earth, ẹ tún lè fi mítà wọn àárín orí negative bátìrì àti earth kọ̀ǹpútà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: tó bá ti ju bíi fólítì 0.2 lọ, ẹ wá ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara ọkọ̀, ẹ há ìpẹtà àti ọ̀dà kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí iná àti earth bá dára, ó kan wáyà CAN wàyí. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ sì ní sùúrù títí gbogbo kọ̀ǹpútà á fi sùn. Wíwọn ohm nígbà tí iná ṣì wà lórí ìlà, irọ́ ni mítà máa pa. Sọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ sítíárìn ní ihò 16. CAN-H wà ní ihò 6, CAN-L ní ihò 14. Ẹ fi mítà sáàárín àwọn méjèèjì.

Ohm 60 ló yẹ kó hàn, torí résísítọ̀ 120 méjì tí wọ́n so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 60 ni wọ́n ń jẹ́. Toyota ní tiwọn gba láti 54 títí dé 69. Tí ẹ bá rí nǹkan bíi 120, ọ̀kan nínú résísítọ̀ náà kò sí lórí ìlà mọ́: yálà wáyà àárín já, tàbí kọ̀ǹpútà tó gbé résísítọ̀ náà sínú ti tú. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, wáyà méjèèjì ń kan ara wọn níbì kan. Ohm 40 wà tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: résísítọ̀ mẹ́ta ló wà lórí ìlà dípò méjì. Ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó jọ ti tẹ́lẹ̀ lójú, tó sì ní résísítọ̀ nínú, nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ kò ní.

Síbẹ̀, 60 kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan ti dára, àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ rìwáyà tó mọṣẹ́ ń ṣe sì nìyí. Ìlà CAN ní olú wáyà, ó sì ní àwọn ẹ̀ka tó ya lọ sí ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀ka tó lọ sí ABS bá já, tí kò sì sí résísítọ̀ nínú ABS yẹn, ihò 6 àti 14 á ṣì fi 60 hàn láìyẹsẹ̀, ABS ò sì ní dáhùn láéláé. Fún ìyẹn, ìdí ABS gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ ti wọn wáyà, ní sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí ẹ ti tú: tí ẹ bá rí 60 níbẹ̀ náà, ẹ̀ka rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ olú wáyà. Nínú àwọn ọkọ̀ kan bíi Volkswagen, gateway, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó dúró láàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì náà àti àwọn ìlà inú ọkọ̀, ni ihò 6 àti 14 dé, kò kọjá rẹ̀. Ohm tí ẹ bá wọn níbẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Tí ìlà bá kú pátápátá, ẹ dá bátìrì padà, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ wọn fólítì wáyà kọ̀ọ̀kan sí earth. Mítà lásán kò lè bá eré CAN, àròpín ló máa fi hàn: CAN-H á lé díẹ̀ lórí 2.5, CAN-L á dín díẹ̀ sí i, àròpọ̀ wọn á sì súnmọ́ 5. Òdo túmọ̀ sí pé wáyà náà ti kan ara ọkọ̀, 12 túmọ̀ sí pé ó ti kan iná bátìrì. Ẹni tó bá ní oscilloscope á rí àwòrán gbogbo rẹ̀ lójú kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni mítà tó fún.

Lẹ́yìn náà ni títú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni kan á máa wo mítà tàbí scanner, ẹnìkejì á máa tú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà tí ẹ tú tí ìlà fi sọjí, òun tàbí ẹ̀ka wáyà rẹ̀ ló ń dá gbogbo wọn lẹ́nu dúró. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé résísítọ̀ wà nínú méjì lára wọn: nígbà tí ẹ bá tú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, 60 gbọ́dọ̀ di 120. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí pé ó bàjẹ́. Ibi tí ó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí omi ń dé: abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn búùtù, ibi tí wáyà ti ń ká nídìí ìlẹ̀kùn. Ọkọ̀ tí omi ti bò rí, ìbáà jẹ́ ní Houston nígbà ìjì Harvey lọ́dún 2017 tàbí ní Lẹ́kí nígbà òjò, ìpẹtà aláwọ̀ ewé inú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi oní-ọkọ̀ pẹ̀lú bóyá wọ́n ti fi tracker, alárámù tàbí rédíò aláwòrán sí i láìpẹ́. Mélòó nínú àwọn tó ń so irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló máa ń wo wáyà tí wọ́n ń bó kí wọ́n tó fi eyín bó o? Eku náà fẹ́ràn wáyà, pàápàá nínú ọkọ̀ tó ti jókòó pẹ́.

Nínú gbogbo ètò CAN, ohun tí mo kà sí ọgbọ́n jù ni bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka àṣìṣe ara rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ tó sọ kò bá lọ geere, á fi 8 kún ìṣirò kan nínú rẹ̀. Nígbàkúùgbà tó bá lọ geere, á yọ 1. Tó bá dé 128, á dín ariwo kù. Tó bá kọjá 255, á yọ ara rẹ̀ kúrò lórí ìlà kó má baà dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Àṣìṣe 32 léraléra tó fún un láti dé ibẹ̀. Ohun tó jáde nínú èyí fún wa ni pé kọ̀ǹpútà tó dákẹ́ lè wà láàyè koko, kó jẹ́ pé wáyà tó ń mì lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló mú un ka ara rẹ̀ sí ẹni tí kò yẹ kó sọ̀rọ̀. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ tún un tàn, á sọjí. Tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, á tún dákẹ́. Ọkọ̀ tó ń “dára fúnra rẹ̀” ní gareji tó sì ń bàjẹ́ ní ojú títì, wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi ọwọ́ mi ìdì wáyà níbi gbogbo nígbà tí ẹ ń wo scanner.

Wáyà CAN tí ẹ bá tún so, ẹ yọ́ òjé sí i, ẹ bò ó dáadáa, kí ẹ sì lọ́ ọ padà pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ títí dé ibi tí ẹ ti so ó. Tó bá wá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ̀rí gbogbo ohun tí a ti wọ̀n ló máa sọ bẹ́ẹ̀: iná dára, earth dára, ẹ̀ka CAN dé ibẹ̀, òun ni kò sì dáhùn. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ẹ bá fi rọ́pò rẹ̀ sábà máa ń nílò kí wọ́n kọ iṣẹ́ ọkọ̀ yín sínú rẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe é, U0300 lè yọ, ìyẹn ni pé àwọn kọ̀ǹpútà náà gbọ́ra wọn ṣùgbọ́n ètò inú wọn kò bá ara mu. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ lè kọ̀ láti sítáàtì nítorí pé kọ̀ǹpútà náà kò dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mọ̀.

Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ fún yín pé brain box tàbí ABS ọkọ̀ yín ti kú, ẹ má tíì mówó jáde. Ẹ bi wọ́n pé: ohm mélòó lẹ rí láàárín ihò 6 àti 14, mélòó lẹ sì rí nídìí kọ̀ǹpútà náà gan-an? Ṣé gílóòbù tàn kedere lórí iná àti earth rẹ̀? Nínú àwọn yòókù, ta ló dá scanner lóhùn, ta ni kò dáhùn? Rìwáyà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí, torí èsì rẹ̀ á ti wà nínú ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá ní èsì, ẹ wa ọkọ̀ yín lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.